Dígí Olómi àti Yẹtí Góòlù

Ìgbálẹ̀ ni Hikmat sáré mú, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjàngbọ̀n gbà wọlé. Bó bá jẹ́ omi ló dà sílẹ̀, kò burú. Bó bá jẹ́ gààrí, adìyẹ á bá wọn ṣa á. Ṣùgbọ́n ohun tó dà sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe gààrí. Ó ń dán bí ojú ológbò, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀, bí ìgbálẹ̀ sì ti kàn án báyìí ni ẹyọ kan di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún di ẹgbẹ̀rún, gbogbo wọn wá ń yí gbirigbiri lórí sìmẹ́ńtì bí ọmọ ilé kéú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó máa lọ sílé.

"Má gbá a mọ́! Má gbá a mọ́!" Sódìq pariwo. "Ṣé o ò rí i pé ṣe lò ń jẹ́ kó máa bímọ ni?"

"Kí wá ni kí n ṣe? Kí n fi ẹnu fà á ni?"

"Fi bébà kó o. Rọra. Rọra, mo ní!"

Ọmọ kíláàsì kan náà ni àwọn méjèèjì, SS2, ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Hikmat ló ni ọpọlọ, Sódìq ló ni ẹnu. Ẹnu Sódìq yìí, bí reluwé tó ń ti Èkó bọ̀ bá ṣìnà wọ ibẹ̀, ó di Kánò kó tó mọ̀ pé òun ò sí lórí irin mọ́. Sódìq ló mú ohun tó ń dán yìí wá nínú ìgò oògùn ikọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù nínú igbó, ohun tí wọ́n sì fi ń kó góòlù kúrò lára iyanrìn níbẹ̀ nìyẹn. Mẹ́kúrì ni wọ́n ń pè é. Irin ni, àmọ́ irin tó kọ̀ tí kò le. Ó ń ṣàn bí omi, ó sì ń tàn bí dígí.

Ọ̀rọ̀ dígí náà ló sì gbé e dé yàrá Hikmat.

Ìdíje sáyẹ́ǹsì àwọn ilé-ìwé girama ń bọ̀ ní Ìlọrin. Mísítà Láńrewájú, tíṣà físíìsì wọn, ti kó wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà reluwé Ọ̀fà lọ́sàn-án gangan. Oòrùn ọjọ́ náà mú débi pé aláǹgbá ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè kó tó sọ ìkejì kalẹ̀.

"Ẹ wo irin tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn," ni Mísítà wí. "Ṣé ó dúró ni àbí ó ń jó?"

"Ó ń jó, sà!"

"Irin kì í jó. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń tan ojú yín jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ṣe máa ń rí. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ á ti lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Ni àwọn onímọ̀ bá ronú kan dígí olómi. Wọ́n á to òòfà sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí àwòrán bá ti wọ́, wọ́n á mú kí ojú omi náà wú díẹ̀ níbẹ̀, tàbí kó jin díẹ̀, títí tí ohun tó wọ́ á fi tọ́."

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti di ọ̀tá Hikmat. Dígí tó ń tẹ ara rẹ̀ kí àwòrán lè tọ́! Ó fẹ́ ṣe é. Ó fẹ́ kí ilé-ìwé wọn, tí kò gba ju ìwé "ẹ ṣeun tí ẹ wá" lọ rí níbi ìdíje kankan, gbégbá orókè lójú gbogbo Kwara.

Wọ́n sì ṣe é. Wọ́n tọrọ ìyẹ̀fun dúdú inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ ìwé fún àwọn ọmọ Poli, wọ́n pò ó mọ́ òróró, wọ́n dà á sínú àwo pẹlẹbẹ. Wọ́n yọ òòfà inú rédíò tó ti kú, wọ́n wé wáyà mọ́ ọn, wọ́n so ó mọ́ bátìrì ọ̀kadà. Wọ́n wá gba inú dígí fèrèsé kan tí iná ti mú wọ́ wo lẹ́tà gàdàgbà kan nínú òróró náà. Lẹ́tà ọ̀hún wọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí. Hikmat yí wáyà, òróró wú díẹ̀ lápá kan, lẹ́tà náà sì nà tọ́ọ́rọ́. Mísítà Láńrewájú pàtẹ́wọ́ títí aago ọwọ́ wọn fi já bọ́.

Àbùkù kan ló wà níbẹ̀. Ó dúdú.

"Ìkòkò ẹ̀fọ́ tó jóná lèèyàn ń wojú nínú rẹ̀ yìí," ni Sódìq wí lẹ́yìn tí Mísítà lọ tán. "Àwọn ọmọ Ìlọrin á fi wá rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n á gbé wa lọ sílé ìwòsàn nítorí ìtìjú. Mo mọ ohun tó ń dán."

Mísítà sì ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ó wà nínú òfin ìdíje: mẹ́kúrì kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín," ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n agogo oúnjẹ lù lákòókò náà, gbogbo kíláàsì sì tú bí ìgbà tí èèyàn bá ju òkò sáàárín ẹyẹlé. Hikmat náà sá. Ó gbọ́ òfin, kò dúró gbọ́ ìdí.

Bí mẹ́kúrì ṣe dé nìyẹn, tí ìgbọ̀nwọ́ Sódìq fi gbún ìgò náà, tí ìdajì rẹ̀ fi fọ́n ká sílẹ̀. Wọ́n fi bébà kó èyí tí wọ́n rí. Ìyókù ti sá wọ inú àwọn ibi tí sìmẹ́ńtì ti là.

"Ilẹ̀ á fà á mu," ni Sódìq wí.

Hikmat tẹ́ ẹní rẹ̀ lé e lórí. Èyí tó kù nínú ìgò ṣì tó wọn. Nígbà tí wọ́n fi iná bátìrì kàn án lórí òòfà, ojú rẹ̀ gbọ̀n, ó wú, ó sì mú àwòrán jáde kedere, àfi bí ìgbà tí òṣùpá bá bọ́ sínú àwo. Wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan: dígí dúdú ni wọn yóò máa fi han Mísítà, dígí funfun ni wọn yóò gbé sórí tábìlì ní Ìlọrin. Sódìq gbé e lọ sílé rẹ̀ nínú páálí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ràfátù, ẹ̀gbọ́n Hikmat, dé láti Òṣogbo. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá wọn ló sì wá bímọ sí, nítorí Lọ́kọ́ja ni àwọn òbí wọn ti ń ṣiṣẹ́. Ó bí ọkùnrin làǹtìlanti kan nílé ìwòsàn, ẹkún ọmọ náà sì rinlẹ̀ débi pé ládàánì tó wà lẹ́yìn ìta ro pé wọ́n ti pe ìrun ju òun lọ.

"Yàrá Hikmat ni kẹ́ ẹ kó wọn sí," ni Alhaja, ìyá àgbà wọn, wí. "Ibẹ̀ ló móoru jù."

Ọkàn Hikmat fò sókè, ó sì padà jókòó. Ilẹ̀ ṣáà ti fà á mu.

Ọyẹ́ ọdún náà ò ṣeé fẹnu sọ. Ó le débi pé ewúrẹ́ ń kó ara wọn lọ sọ́dọ̀ télọ̀ lọ bi í bóyá ó lè rán ṣúẹ́tà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ní ilé Alhaja, a kì í fi ọmọ tuntun sílẹ̀ láìsí iná. Wọ́n gbé àdògán wọnú yàrá, wọ́n kó èédú pupa rẹrẹ sí i, wọ́n wọ́n tùràrí sórí rẹ̀. Orí ẹní ni wọ́n gbé àdògán náà kà, lórí páànù irin kan, ní ọ̀gangan ibi tí ilẹ̀ ti là.

"Alhaja," Hikmat tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò, "ẹ má gbé e síbẹ̀."

"Èé ṣe?"

"Èéfín... èéfín ò dáa fún ọmọ."

"Gbọ́ tèmi, ìwọ alákọ̀wé! Iná yìí kan náà ni mo yá fún ìyá rẹ, òun ni mo yá fún Ràfátù, òun ni mo yá fún ìwọ gan-an. Èwo lo kú nínú rẹ̀?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Hikmat náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn korò lẹ́nu rẹ̀.

Àǹtí Àṣàkẹ́ ló máa ń wẹ ọmọ náà. Télọ̀ ni, ayálégbé tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Kò tíì bímọ rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tutù lára ọmọ. Tó bá ti gbé e báyìí, ẹkún tó ń wó ilé á di òwú. Ó ti rán aṣọ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ sílẹ̀, funfun, kékeré bí àpò ìyọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ariwo Alhaja gbé gbogbo àdúgbò dìde.

"Yẹtí mi o! Góòlù tí mo rà ní Mẹ́kà!"

Wọ́n ti bọ́ ọ sílẹ̀ sétí ẹní nínú yàrá ọmọ nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àlùwàlá lánàá. Èyí tó bọ́ sórí ẹní ṣì pupa. Èyí tó yí bọ́ sórí ilẹ̀ ti funfun, funfun bí eegun, bí ẹni pé ó ti kú. Alhaja fi aṣọ nù ún, kò pupa. Wọ́n fi eérú fọ̀ ọ́, kò pupa. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka, ó kán bí bísíkíìtì.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọmọ tuntun wúkọ́. Kì í ṣe ikọ́ ńlá. Ikọ́ kékeré gbígbẹ kan ni, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi èékánná kan ìlẹ̀kùn.

"Ayé ti wọlé," ni Alhaja wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Góòlù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ni wọ́n ń wá."

Kí ni wọ́n wá ṣe? Ohun tí ilé yẹn mọ̀ náà ni wọ́n ṣe. Wọ́n pa gbogbo fèrèsé dé kí ibi má baà wọlé. Wọ́n fa kọ́tìnì. Wọ́n kó èédú kún èédú, tùràrí kún tùràrí, títí èèyàn kò fi rí ìka ara rẹ̀ nínú yàrá náà. Ohun ibi tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ síta, abẹ́ ẹní ló wà, ó sì ń jí díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ ti ń gbóná.

Ràfátù ní orí ń fọ́ òun. Ó ní ẹnu òun ń ṣe bí ẹni lá irin. Ọmọ ò mu ọyàn dáadáa mọ́. Wọ́n tún fẹ́ iná sí i.

"Ta ló ń fọwọ́ kan ọmọ yìí tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa?" ni Alhaja béèrè ní àgbàlá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Gbogbo ojú yí sápá ibì kan náà.

Àṣàkẹ́ dìde lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Alhaja, ṣé èmi lẹ̀ ń bá wí?"

"Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ṣu ló mọ̀."

"Kí ni mo máa fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe?"

"Ẹni tí ò bí rí lè wo ti ẹlòmíì kó yó," ni obìnrin aládùúgbò kan wí láti ẹ̀yìn, bí ẹni ń dáná sí pápá tó sì wọlé lọ.

Àṣàkẹ́ wò yíká, ó wá ojú kan tí yóò yọ́nú sí i, ojú Hikmat ló sì bá pàdé.

"Hikmat. Inú yàrá yẹn lò ń gbé kó tó di tiwọn. Ìwọ lo máa ń bá mi pọn omi tí mo fi ń wẹ ọmọ. Ṣé o rí mi kí n ṣe ohunkóhun?"

Ẹ wò ó, ahọ́n Hikmat wúwo lọ́jọ́ náà ju ọlọ lọ. Ó ti ń rò ó láti àárọ̀: góòlù, ilẹ̀ tó là, ohun tó ń dán. Ó ń rò ó bí ẹni ń fọwọ́ kan egbò. Ìdíje ku ọ̀la. Bó bá yanu báyìí, Mísítà á gbọ́, dígí funfun á jóná, Ìlọrin á di àlá. Bí kì í bá sì í ṣe mẹ́kúrì náà ńkọ́? Bó bá jẹ́ òtútù lásán ńkọ́?

Ó wo ilẹ̀. "N kò mọ̀ o, Àǹtí."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ Àṣàkẹ́ síta kó tó di mọ̀gáríbà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ká aṣọ funfun kékeré yẹn, ó fi í sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ilé.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà kò sunkún mọ́. Ó kàn ń mí ni, kíákíá, kíákíá, bí ọmọ ẹyẹ tí èèyàn ká mọ́ inú àtẹ́lẹwọ́. Alhaja ń rántí Ọlọ́hun lórí tẹ̀sùbáà, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì fẹ́ iná. Fèrè ọkọ̀ Mísítà Láńrewájú ń ké níta. Àní Hikmat rò pé fèrè yẹn ń pe orúkọ òun.

Ó wọ ọkọ̀.

Ọkọ̀ Mísítà yìí, bí wọ́n bá tì í, á lọ. Bí wọn ò bá tì í, á ronú sí i ná. Ọjọ́ náà sì rèé, ó lọ bí ọta ìbọn. Sódìq wà lẹ́yìn, ó gbé páálí lé itan, ó ń sọ bí àwọn adájọ́ yóò ṣe ṣubú lu ara wọn. Hikmat jókòó níwájú. Ó ń wo oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ nínú ọyẹ́, gbogbo nǹkan funfun, gbogbo nǹkan dà bí èéfín. Wọ́n ń wọ Òjòkú nígbà tí ẹnu rẹ̀ là fúnra rẹ̀.

"Sà, bí mẹ́kúrì bá kan góòlù, kí ló máa ń ṣe é?"

"Á gbé e mì. Góòlù náà á funfun, á wá di ohun tó ń kán. Kí ló dé? Ṣé wọ́n máa bi yín ni?"

Ariwo Sódìq, tí kì í dákẹ́ lójú oorun pàápàá, dákẹ́.

"Tí iná bá sì wà nítòsí rẹ̀, sà?"

"Háà! Ìdí tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn gan-an nìyẹn tí ẹ fi sá lọ jẹun. Bó ṣe wà bẹ́ẹ̀, ó ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí iná bá wá kàn án, á di oru, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tó bá fà á símú, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ há, á máa wúkọ́, ẹnu rẹ̀ á máa ṣe bí irin. Bó bá jẹ́ ọmọ kékeré..." Mísítà yí ọrùn wò ó. Wọ́n rí ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn sì bọ́ sórí bíréèkì tó bẹ́ẹ̀ tí táyà fi pariwo. "Hikmat. Ta lò ń bi mí nípa rẹ̀?"

Ìgbà náà ni ó tú u jáde. Kò sọ ọ́ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ó bì í bí ẹni tó ń bì. Yàrá, ìgò, ẹní, àdògán, yẹtí, Àǹtí Àṣàkẹ́, ọmọ tí kò sunkún mọ́.

"Pe ilé! Ní kí wọ́n gbé ọmọ yẹn síta báyìí!"

Ó pe Ràfátù, kò gbé e. Ó pe Alhaja, kò wọlé. Mísítà ti yí ọkọ̀ padà sí Ọ̀fà.

"Ṣùgbọ́n, sà, ìdíje ńkọ́?" ni Sódìq bi wọ́n, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

"Ìdíje wo?"

Sódìq sọ páálí kalẹ̀ kúrò lórí itan rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, Hikmat kò dúró kí ọkọ̀ dúró. Ó já wọ yàrá náà, èéfín gbá a lójú. Ràfátù sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò lè gbé orí. Ọmọ wà ní àyà rẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Hikmat gbé ọmọ, ó nà án sí Mísítà lẹ́nu ọ̀nà, ó padà wọlé, ó fi aṣọ wé ọwọ́, ó gbé àdògán náà lódindi jáde sí àgbàlá. Iná jó ìka rẹ̀. Kò mọ̀.

"Ṣé orí rẹ dà rú ni?" Alhaja ń pariwo. "Ṣé o fẹ́ kí òtútù pa á ni?"

"Èmi ni!" Hikmat kúnlẹ̀ lójú gbogbo ilé. "Kì í ṣe Àǹtí Àṣàkẹ́. Mẹ́kúrì ni mo dà sílẹ̀ sínú yàrá yẹn, mo sì tẹ́ ẹní lé e. Òun ló ba yẹtí yín jẹ́. Òun ni iná ń gbé dìde. Mo mọ̀ lánàá, Alhaja. Mo mọ̀ nígbà tí wọ́n bi mí."

Kò sẹ́ni tó lù ú. Ì bá wù ú kí wọ́n lu òun. Alhaja kàn ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí, Mísítà sì ti gbé ọmọ àti ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi rọ́bà sí ọmọ náà nímú, wọ́n fi í sínú yàrá onídígí. Dókítà wo Ràfátù, ó wo Alhaja, ó mi orí. "Bó bá ṣe pé ọ̀sán bá wọn nínú yàrá yẹn, ọ̀tọ̀ lohun tí à bá máa sọ," ni ó wí.

Mísítà Láńrewájú padà sílé náà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n bo imú. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbá ilẹ̀ náà mọ́ láé. Wọ́n ká ẹní, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú ibi tí sìmẹ́ńtì ti là, gbogbo àwọn tó ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà sì fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Àìmọye ojú kéékèèké tó ń dán ló ń wò wọ́n láti inú ilẹ̀, bí ojú ẹranko nínú igbó. Wọ́n fi síríńjì fa èyí tí wọ́n lè fà, wọ́n da imí-ọjọ́ sórí ìyókù, wọ́n hú ilẹ̀ yàrá náà pátá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Wọ́n gba páálí Sódìq náà lọ, wọ́n sì kọ orúkọ ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wa góòlù sílẹ̀.

Ilé-ìwé wọn kò dé Ìlọrin. Wọ́n lé Hikmat àti Sódìq sílé títí sáà náà fi parí. Mísítà Láńrewájú, tí kò mọ ohunkóhun, ló ń lọ dáhùn ìbéèrè lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Lọ́jọ́ tí Hikmat lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, àwo òróró dúdú yẹn ṣì wà lórí tábìlì wọn.

"Èyí tó dúdú yìí ì bá tó yín," ni wọ́n wí. Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ. Áfáà dúró lẹ́yìn dígí, wọ́n gbé ohùn sókè kó lè wọlé sí i: Abdulwasiu. Ọmọ náà la ojú kan, ó pa á dé, ó sì ké. Ẹkún tó ń wó ilé yẹn ti padà dé. Gbogbo wọn bú sẹ́kún pẹ̀lú rẹ̀, Alhaja ló sì sunkún jù.

Ó ku ẹnì kan.

Alhaja àti Hikmat wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé. Wọ́n bá Àṣàkẹ́ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, lábẹ́ àtíbàbà kan. Alhaja, arúgbó tó ti dé Mẹ́kà, tí gbogbo àdúgbò ń kúnlẹ̀ kí, fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ nínú eruku, wọ́n sì ro gbogbo ohun tí Hikmat jẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ dìde, Alhaja! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí bú." Àṣàkẹ́ fà wọ́n dìde, ó gbọn eruku kúrò lára aṣọ wọn. "Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti ń mu ọyàn," ni Alhaja wí. "Wá wò ó. Wá sílé. Yàrá rẹ ṣófo."

Àṣàkẹ́ mi orí. Ó yíjú sí Hikmat, tó dojú bolẹ̀. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti dun Hikmat jù.

"Mo ti dárí jì ọ́. Ṣé o gbọ́? Látọkànwá ni. Ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò sọ ò dùn mí, èèyàn lè sọ ohun tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀. Mo bi ọ́, o mọ̀, o sì wo ilẹ̀. Mi ò lè gbé ilé yẹn mọ́, Hikmat. Tí mo bá ń wẹ ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀, èmi náà á máa wo ilẹ̀."

Ó padà jókòó, ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Ariwo rẹ̀ bo gbogbo ohun tí Hikmat ì bá tún sọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, mo mọ̀ pé mo máa ń fi iyọ̀ kún ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò gba àsọdùn. Ohun tí wọ́n bá ní ká má fọwọ́ kàn, ẹ dúró gbọ́ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣe é ná, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíì tó ru ẹrù rẹ̀. Òótọ́ tí a sọ lásìkò a máa gba ẹ̀mí là, a sì máa gba orúkọ là. Èyí tí Hikmat sọ pẹ́. Ó bá ọmọ lásìkò, kò bá Àṣàkẹ́.